Ajá ilé kì í ṣọ́ adìẹ, ẹ yé tan ara yín

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá níwájú ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìẹ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọdékùnrin kan ra òròmọdìẹ noiler, ó wá ń béèrè ohun tí yóò ṣe sí àwòdì. Kí onísọ̀ tó lanu, àwọn tó jókòó ti dá a lóhùn: "Wá ajá sílé." Inú bí mi, torí mo mọ àwọn tí ìmọ̀ràn yìí ti kó sí gbèsè.

Àwòdì tí wọ́n ní kí ajá lé ńkọ́? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa, nígbà tí wọ́n bá ń sun igbó. Ọ̀sán gangan ló ń wá, òkè ló sì ti ń wá. Imú àti etí ni ajá fi ń ṣọ́lé, ohun tó ń rìn nílẹ̀ ló ń gbọ́. Mo rí i lójú ara mi lẹ́yìnkùlé wa: ajá nà gbọọrọ sábẹ́ igi máńgòrò, àwòdì já wálẹ̀ nítòsí rẹ̀, ìyá adìẹ ló figbe ta, òun náà ló fò mọ́ ọn. Àwọn àgbà ní òròmọdìẹ ò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ló mọ àṣá. Wọ́n ní ajá nílé nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, wọn ò sì dárúkọ ajá.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ajá gan-an ń pa adìẹ. Ṣebí ajá yìí náà làwọn ọdẹ wa ń mú lọ sígbó láti lé ọ̀yà àti àparò? Ohun tó bá sá ló ń lé. Adìẹ tí ẹ̀rù bà, tó ń pa ìyẹ́, tó ń ké, kí ló fi yàtọ̀ sí àparò lójú ajá? Ajá aládùúgbò wa kan, tó ń bá adìẹ jẹun nínú àwo kan náà, tí wọ́n ń fi yangàn fún àlejò, ló pa àgbébọ̀ mẹ́ta lọ́sàn-án ọjọ́ tí kò sẹ́ni nílé. Kò jẹ ìkankan. Ó kàn ń lé wọn, ó ń fẹnu gbé wọn jù títí wọ́n fi kú. Ajá tó bá sì ti tọ́ ẹyin wò, ìtẹ́ adìẹ ni yóò máa yà sí láràárọ̀.

Wọ́n á ní àwọn wo fídíò ajá òyìnbó. Òótọ́ ni. Ní erékùṣù Middle Island lẹ́bàá Warrnambool, ní Ọsirélíà, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pa ẹyẹ penguin títí tí èyí tó kù ò fi pé 10 ní 2005. Ní 2006 ni wọ́n kó ajá Maremma débẹ̀, àwọn ẹyẹ náà sì tún pọ̀ sí i. Àgbẹ̀ kan tó ń fi irú ajá bẹ́ẹ̀ ṣọ́ adìẹ tirẹ̀ ló mú ìmọ̀ràn náà wá. Ṣùgbọ́n àwọn darandaran Ítálì ti ń ṣa irú ajá yìí bí láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, èyí tí kì í lé ẹran ni wọ́n ń dá sí. Láti kékeré ló ti ń sùn láàárín ohun tí yóò ṣọ́, èèyàn sì ń kọ́ ọ. Ajá tí ẹ rà lọ́jà, tó ń jẹ àjẹkù ẹ̀bà lẹ́nu ọ̀nà, ta ló kọ́ ọ?

Gbígbó ajá lè lé ẹtà padà lálẹ́ ọjọ́ kan, n ò ní jiyàn ìyẹn.

Ẹ fowó ajá ra nẹ́ẹ̀tì onírin tó le, tí ojú rẹ̀ kéré débi tí ejò ò lè gbà wọlé. Ẹtà lè fa èyí tó fẹ́lẹ́ ya. Ẹ gbé àgò kúrò nílẹ̀. Ẹ ta àwọ̀n bo ibi tí òròmọdìẹ ti ń jẹ̀. Ẹ tilẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó ṣú, torí adìẹ kì í ríran dáadáa lóru. Bí ẹ bá sì ní ajá tẹ́lẹ̀, iwájú ilé ni kó wà, kí géètì tó wà láàárín òun àti àgò tì dáadáa.