Ẹ Yé Sọ Pé Daniel Boone Dá Nìkan Ṣe É

Àwòrán yẹn tún ti ń kiri: Daniel Boone, ọdẹ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, ìbọn léjìká, fìlà awọ ẹranko onírù lórí, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ọkùnrin tó dá nìkan sọ igbó Kentucky di ilé. Fìlà yẹn gan-an kì í ṣe tiẹ̀, akẹtẹ̀ tí wọ́n fi irun ẹran ṣe ló máa ń dé. Ṣùgbọ́n fìlà kọ́ ló ń bí mi nínú. "Dá nìkan" yẹn ni. Ta ló ń bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀?

Ẹ wo ìrìn-àjò ọdẹ tó lọ sí Kentucky ní 1769, tí gbogbo yín ń pọ́n lé. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ló kúrò ní àfonífojì Yadkin, North Carolina. 1771 ló tó padà wálé. Rebecca Bryan, ìyàwó tó gbé ní 1756, ló fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà. James àkọ́bí ń lọ sí ọmọ ọdún méjìlá, oyún sì tún wà nílẹ̀: oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n bí Daniel Morgan, bàbá ẹ̀ ò sí nílé.

Ẹ ó ní owó ló lọ wá. Ó dáa. Awọ àgbọ̀nrín kan tí wọ́n bá ti ha irun ẹ̀ kúrò máa ń wọ̀n tó pọ́n-ùn méjì àbọ̀, ẹṣin kan sì lè ru bí 100. Ní òpin 1769, àwọn Shawnee, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣọdẹ níbẹ̀ kó tó dé, ká òun àtàwọn tó bá a lọ mọ́, wọ́n sì kó gbogbo awọ náà. Nígbà tó ń bọ̀ wálé ní 1771, àwọn ọmọ onílẹ̀ kan tún gba tọwọ́ ẹ̀. Ọwọ́ òfìfo ló gbé wọlé, gbèsè sì ń dúró dè é.

Kí ni wọ́n wá jẹ fún ọdún méjì? Àgbàdo, tí obìnrin àtọmọdé gbìn. Lóko wọn, wọn kì í wó igi ńlá tán kí wọ́n tó gbìn nǹkan. Wọ́n á bó èèpo yíká ìdí igi, igi á gbẹ lóòró, ewé á re, oòrùn á ráyè wọlẹ̀. Àárín òkú igi ni wọ́n ń gbin àgbàdo sí, ẹ̀wà á gùn ún, elégédé á bo ilẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ẹ̀ka gbígbẹ á máa já lu èèyàn àti ẹran ọ̀sìn. Tí àgbàdo bá gbó, ó kan odó. Iná ni wọ́n fi ń jó àárín kùkùté igi títí á fi jìn, wọ́n á wá so ọmọ odó mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tẹ̀, kígi náà lè máa bá wọn fà á sókè. Tàbí kí wọ́n fi omi eérú sè é kí èèpo lè bó. Tí wọn ò bá fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́yìn náà, á bó wọn lẹ́nu.

Aṣọ ńkọ́? Ní Boonesborough, ìletò tí Boone dá sílẹ̀ ní Kentucky, níbẹ̀rẹ̀, àgùntàn ò tíì pọ̀, ọ̀gbọ̀ náà ò tó. Èsìsì inú igbó làwọn obìnrin ń kó. Ìparí ìgbà òtútù ni wọ́n ń lọ, nígbà tí òjò àti yìnyín bá ti mú kí igi ẹ̀ rà, tí kò jó èèyàn mọ́. Tí wọ́n bá tètè lọ, okùn ẹ̀ ò ní yọ lára igi. Tí wọ́n bá pẹ́ jù, okùn náà á ti jẹrà. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á ran án. Òwú èsìsì ni wọ́n ń ta sórí òfì, irun ẹfọ̀n Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń hun ún.

Àwọn kan ń sọ pé bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Mo ti gbọ́. Ẹ ṣáà máa ṣírò ohun tó ná Rebecca. Wọ́n pa James ní oṣù Kẹwàá 1773, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kó lọ sí Kentucky. Wọ́n jí Jemima gbé ní 1776, kí bàbá ẹ̀ tó gbà á padà. Ní 1778, Boone kó nǹkan bí 30 ọkùnrin lọ se iyọ̀ ní Blue Licks, níbi tí iyọ̀ inú omi ẹ̀ kéré débi pé ó ń gbà ju 800 gálọ́ọ̀nù lọ kí wọ́n tó rí iyọ̀ bushel kan, bí apẹ̀rẹ̀ ńlá kan. Àwọn Shawnee mú wọn. Rebecca gbà pé ó ti kú, ó kó àwọn ọmọ, ó padà sí North Carolina. Nígbà tí Boone sá dé ní oṣù Kẹfà, Jemima nìkan ló bá. Israel, ọmọ wọn ọkùnrin mìíràn, kú lójú ogun Blue Licks ní 1782.

Rebecca ò mọ̀wé kọ, àmì ló ń fi síwèé, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti gbàgbé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dí mi lọ́nà. Bá a ṣe mọ bí James ṣe kú ni pé Adam, ọ̀kan nínú ẹrú méjì tó wà pẹ̀lú wọn, sá pamọ́, ó sì rí i. Wọ́n pa Charles, ìkejì ẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1787, tí àwọn Boone ń ta oúnjẹ tí wọ́n sì ń gba àlejò ní Limestone, ìlú kan ní Kentucky, tí Rebecca ń darí ilé ìdáná, ìwé owó orí ka ẹrú méje sí Boone lọ́rùn. Ta ló wá ń gún àgbàdo? Tí mo bá ní kẹ́ ẹ yọ orúkọ Boone, kẹ́ ẹ fi ti Rebecca rọ́pò, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn méje yẹn?