Mẹkáníkì ìta kọ́ ló ń pa wáráńtì mọ́tò, rìsíìtì tẹ́ ẹ jù nù ni

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò tuntun, kí táyà ẹ̀ tó dọ̀tí làwọn èèyàn á ti máa gbà á nímọ̀ràn pé "má jẹ̀ẹ́ kí mẹkáníkì ìta fọwọ́ kàn án o, ọjọ́ tó bá fọwọ́ kàn án báyìí, wáráńtì ẹ ti lọ nìyẹn," ìyẹn ìlérí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò pé àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tó bá bà jẹ́ kí àsìkò kan tó pé. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé ó ti ṣojú wọn rí. Tẹ́ ẹ bá wá bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti kà á, wọ́n á ní ṣebí gbogbo èèyàn ló mọ̀. Èmi náà gbà á gbọ́ o, mi ò ní purọ́. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo ra mọ́tò mi, ọ́ìlì lásán ni mo fẹ́ yí, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ dílà, ìyẹn àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ tó ṣe é ta mọ́tò, màá jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ dọ̀sán, màá máa wo tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò tan ohùn ẹ̀. Nígbà tó sú mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníkì kan tó mọṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, ó dà bíi pé mo ń jalè.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ṣáná sí mọ́tò tí ẹ́ńjìnì ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan kó tó dákẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn láràárọ̀. Wáráńtì ṣì kù dáadáa, ni mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ dílà. Ọmọkùnrin tó wà ní káńtà tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀ títí, ó ní, "Ọ̀gá mi, mo rí sáfíìsì méjì àkọ́kọ́ níbí, àmọ́ látìgbà yẹn mi ò rí nǹkan kan mọ́. Ta ló ń bá yín yí ọ́ìlì?" Àyà mi já. Mo ní mẹkáníkì kan ni. Mò ń retí kó sọ fún mi pé ó ti parí, kó gbé kọ́kọ́rọ́ mi fún mi. Kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Nǹkan tó bi mí ò ju ẹyọ kan lọ: "Rìsíìtì ẹ̀ ńkọ́, sà?"

Ha, inú mi dùn, mo sáré lọ ṣí píjìnhóòlù, mo kó mẹ́ta jáde. Ẹ wá wò ó o. Méjì nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n fi mẹ́ṣìn tẹ̀ jáde, ti funfun báláú. Ooru inú mọ́tò ti jẹ gbogbo ìkọ̀wé ẹ̀, ìdajì orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló ṣẹ́ kù sórí ọ̀kan, èkejì ò tiẹ̀ ní nǹkan kan. Ọmọkùnrin yẹn gbé e sókè sí iná bí ẹni tó ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni. Ẹ̀kẹta ni wọ́n fi báírò kọ, òun yẹn ṣì ṣeé kà, àmọ́ kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? "Ọ́ìlì àti fílítà, iṣẹ́ ọwọ́." Ó tán. Kò sí nọ́ńbà mọ́tò, kò sí iye kìlómítà, kò sí irú ọ́ìlì. Ó rọra ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, èyí lè jẹ́ ti mọ́tò ẹnikẹ́ni." Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ń yí ọ́ìlì déédéé wá dúró síbẹ̀, ó ń ṣàlàyé bí ẹni tí ò yí i rí.

Ta ló wá yọ mí? Mẹkáníkì ìta yẹn náà ni! Kò ní kọ̀ǹpútà, àmọ́ ó ní ìwé ńlá kan tí ọ́ìlì ti rin gbogbo eteetí ẹ̀, inú ẹ̀ ló ń kọ déètì, nọ́ńbà mọ́tò, iye kìlómítà àti iṣẹ́ tó ṣe sí, torí kó lè mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ni o, kì í ṣe torí wáráńtì ẹnikẹ́ni. Mo ya fọ́tò àwọn ojú ewé tó kàn mí, mo lọ wá mẹ́sẹ́èjì báǹkì ọjọ́ tí mo sanwó, ẹni tó ń ta ọ́ìlì fún wa náà wá àkọsílẹ̀ tiẹ̀ jáde. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti wàhálà tí mi ò fẹ́ rántí, àmọ́ wọ́n tún un ṣe, mi ò sanwó. Nǹkan kékeré kan tó yẹ kó máa fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnì le ló ti rọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo wá jókòó ka ìwé wáráńtì tó bá mọ́tò wá, èyí tí èmi àti ẹ̀yin ò kí ń ṣí. Ẹ̀yin náà ẹ lọ ka tiyín. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀, nǹkan tó wà níbẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ ṣe sáfíìsì bí ìwé ṣe là á sílẹ̀, kẹ́ ẹ lo ọ́ìlì tó bá ìwọ̀n tí wọ́n sọ mu, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí ẹ̀. Láwọn ibì kan, òfin gan-an ló dá sí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ń pè ní Magnuson-Moss ti wà láti 1975, ó ní ilé iṣẹ́ ò gbọdọ̀ sọ pé dandan ni kẹ́ ẹ ra páàtì tiwọn tàbí kẹ́ ẹ lọ sọ́dọ̀ dílà tiwọn kí wáráńtì tó ṣiṣẹ́, àyàfi tí wọ́n bá ń fún yín ní páàtì tàbí iṣẹ́ ọ̀hún lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí tí ìjọba bá fún wọn láyè. Kì í ṣe òfin orí ìwé lásán o. Ní 2015, FTC, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń rí sí irú ẹ̀ níbẹ̀, fẹ̀sùn kan BMW lórí ẹ̀ka MINI tiwọn torí pé wọ́n ń sọ fáwọn oníbàárà pé páàtì MINI àti dílà MINI nìkan ni, wọ́n sì yanjú ẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní Yúróòpù, ìlànà ìdíje ọjà mọ́tò wọn ti ṣí ọ̀nà fún mẹkáníkì ìta láti 2002, wọ́n tún tún un kọ ní 2010. South Africa náà gbé ìlànà tiwọn jáde, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 1, 2021, ó ní èèyàn lè gbé mọ́tò tí wáráńtì ẹ̀ ò tíì parí lọ síbi tó bá wù ú fún sáfíìsì.

Àmọ́ ẹ má tíì máa jó. Iṣẹ́ tí wáráńtì ń sanwó ẹ̀ fúnra ẹ̀, ọ̀dọ̀ dílà náà lẹ máa gbé e lọ, ẹ ò lè tún un ṣe níta kẹ́ ẹ wá gbé bíìlì fún wọn. Tí mẹkáníkì ìta bá sì gbàgbé láti de nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ le, tí ọ́ìlì jò tán lójú ọ̀nà tí ẹ́ńjìnì sì gan, ẹ̀bi ẹni tó ṣe é nìyẹn, òun lẹ máa bá jà, dílà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Wáráńtì tí wọ́n tún ń tà lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ti ilé iṣẹ́ bá parí, ọ̀rọ̀ tìyẹn yàtọ̀ pátápátá, àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí lẹ máa kà dáadáa, òmíràn máa ń le ju ti ilé iṣẹ́ lọ.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń béèrè ìwé ọ́ìlì gan-an? Torí nǹkan tí ọ́ìlì tó pẹ́ ń ṣe. Ooru ẹ́ńjìnì ló máa ń sun ún, á máa ki díẹ̀díẹ̀ títí á fi dà bí ẹrẹ̀ dúdú, á lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnì, á dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, irin á wá máa ha irin. Tí dílà bá ṣí ìdérí yẹn tó bá ẹrẹ̀ níbẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ẹni yìí ò yí ọ́ìlì. Nígbà míì ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ ló níṣòro ṣá. Ní 2002, Toyota fún àwọn tó ni oríṣi ẹ́ńjìnì méjì kan tí ẹrẹ̀ yìí ń yọ lẹ́nu ní ààbò ọdún 8, ó wà nínú Camry tí gbogbo wa mọ̀, àmọ́ wọ́n ṣì ní kí onímọ́tò fi nǹkan kan hàn pé òun gbìyànjú láti máa yí ọ́ìlì. Ẹ rò ó wò, àwọn tó yí i lóòótọ́ tí wọ́n ti da rìsíìtì nù. Ọ̀rọ̀ ò sì dùn lẹ́nu ìyá olè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ọ́ìlì ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú fèrèsé tí ò lọ sókè mọ́, tàbí rédíò tó kú, tàbí éésì tí ò tutù. Tí wọ́n bá ní àwọn ò tún fèrèsé ṣe torí pé ẹ ò yí ọ́ìlì lọ́dọ̀ àwọn, ẹ bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé báwo ni ọ́ìlì ṣe dé inú ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sínú ìwé fún yín. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ibi "ẹ kọ ọ́ sílẹ̀" yẹn ni ohùn máa ń yí padà.

Òdìkejì wà tó tún burú, àwọn tó ń sọ pé "èmi ò nílò ìwé kankan, ọ̀dọ̀ dílà ni mo ń lọ, gbogbo ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà wọn." Kọ̀ǹpútà ta ni? Dílà méjì lè máa ta mọ́tò kan náà kí kọ̀ǹpútà wọn má mọ ara wọn rí. Dílà lè kógbá wọlé. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè fi nọ́ńbà kan dípò òmíràn, kí sáfíìsì yín lọ jókòó sórí mọ́tò ẹlòmíì. Tí wọ́n bá ṣe sáfíìsì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ pàápàá, ẹ gba ìwé ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan lẹ ti ra mọ́tò ọ̀hún tí wáráńtì ṣì wà lórí ẹ̀, ìwé tó yẹ kẹ́ ẹ bá a gbà pọ̀ ju ìwé mọ́tò lọ, torí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tí kò yí ti di tiyín.

Kí ló yẹ kó wà lórí rìsíìtì? Déètì àti iye kìlómítà tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ yẹn, èèyàn máa ń gbàgbé ti kìlómítà yìí jù, òun gan-an sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Nọ́ńbà mọ́tò, tó bá sì ṣeé ṣe kí nọ́ńbà ṣásí wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún lápapọ̀, torí a lè pààrọ̀ pélétì àmọ́ ti ṣásí kì í yí. Lẹ́yìn náà ọ́ìlì. "Ọ́ìlì" nìkan ò tó, kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe wà lára kèrégbè ẹ̀, bíi 0W-20 tàbí 5W-30, pẹ̀lú àmì tí ìwé mọ́tò yín ní kó ní, bíi API SP, àti iye lítà tí wọ́n dà sí i. Ẹ́ńjìnì tó ń gba lítà márùn-ún tí wọ́n kọ lítà mẹ́ta sí, ẹ̀rí tó máa ta kò yín lẹ̀ ń gbé dání yẹn. Nọ́ńbà ara fílítà náà, kí ẹni tó ṣe é sì fọwọ́ sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn mẹkáníkì kan á bínú, tèmi wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ mú un lọ sí téṣàn. Tí wọn ò bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ fúnra yín kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ má ní ó dilé, ẹ ti gbọ́ ohun tí píjìnhóòlù fi ojú mi rí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí í-méèlì ara yín, torí fóònù náà ń sọnù.

Ẹni tó ń yí ọ́ìlì fúnra ẹ̀ nílé ńkọ́? Kò sóhun tó burú níbẹ̀, ìwé wáráńtì míì tiẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ẹ lè ṣe é fúnra yín. Rìsíìtì ọ́ìlì àti ti fílítà, fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù, fọ́tò kèrégbè ọ́ìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò tí bonẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, àti ìwé kan tẹ́ ẹ ń kọ ọ́ sí lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró kí wàhálà dé kẹ́ ẹ tó jókòó kọ ti ọdún mẹ́ta pọ̀ pẹ̀lú báírò kan náà, ojú lásán la fi ń rí irú ẹ̀.

Ohun kan tún máa ń já àwọn tí kì í fi mọ́tò jáde púpọ̀ kulẹ̀. Tí ìwé bá ní kìlómítà 10,000 tàbí ọdún kan, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni wọ́n ń sọ o. Mọ́tò tó rin 4,000 láàárín ọdún méjì ti jẹ sáfíìsì, kódà tó bá ń dán bíi tuntun.

Mẹkáníkì mi ti wá mọ̀ mí báyìí. Mo bá ti wọlé, kó tó ṣí bonẹ́ẹ̀tì, á mú ìwé olójú ọ́ìlì yẹn, á fi báírò sétí, á ní, "Ọ̀gá onírìsíìtì, ẹ ka nọ́ńbà yẹn fún mi kẹ́ ẹ tó paná." Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo lọ kẹ́yìn, mo rí i tó ń bi oníbàárà tó wà níwájú mi ní kìlómítà tiẹ̀ náà.