Ẹ Dá Yàrá Náà Padà Kí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Tó Pé

Àwọn òǹkàwé wa ti gbọ́ èsì tí alága ìjọba ìbílẹ̀ wa fọ̀ nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn bi í pé níbo ni àwọn tó ń gba ìtọ́jú àníyàn àti ìpayà lọ́dọ̀ àwọn tẹ́rápísìtì méjì, àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ àti ìṣe wo àìsàn ọkàn, ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn alábọ́dé yóò máa gbà lọ, nígbà tí yàrá náà ti di ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn pàtàkì. Ó ní, "Wèrè wo ló wà níbẹ̀? Ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú, ọ̀nà Aro ò jìnnà." Àwọn tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín. Àwa ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti kọ ọ́ lójú ewé yìí pé iṣẹ́ tí àwọn tẹ́rápísìtì méjì yẹn ń ṣe yàtọ̀ sí ohun tí àwọn aláṣẹ wa ń pè ní wèrè. A ó tún un kọ lẹ́ẹ̀kẹrin, nítorí èsì alága fi hàn pé wọn ò tíì mọ irú àìsàn tí à ń sọ.

Àwọn tó ń lọ sí yàrá yẹn kì í bọ́ra sí ìhòòhò, wọn kì í ju òkò lu ẹnikẹ́ni. Tíṣà wà nínú wọn, télọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ tó ń múra ìdánwò JAMB wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bẹ nínú wọn, itọ́ funfun ni wọ́n ń tu jáde. Obìnrin kan tó ń ta èlò ọbẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lálẹ́, ó rìn dé ìdí ọkọ̀, ó padà lọ fọwọ́ kan àgádágodo. Ó tún dé ìdí ọkọ̀, ó tún padà. Ó mọ̀ pé òun ti tì í. Etí rẹ̀ gbọ́ ọ nígbà tó ró. Síbẹ̀ nǹkan kan nínú rẹ̀ kò yé sọ pé bí olè bá wọlé, bí iná bá sọ, ọwọ́ òun ló ti wá. Aago mẹ́wàá ti lù kó tó délé. Ọkọ rẹ̀ rò pé ó ní ẹlòmíràn tó ń rí.

Ọmọkùnrin kan tún wà tí àlùwàlá ìrun àárọ̀ máa ń gbà ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Omi kẹ́tù àkọ́kọ́ á tán, yóò pọn òmíràn. Ṣé omi kan ìgúnpá? Ṣé àlùwàlá náà ò ti bàjẹ́? Nígbà tí yóò fi parí, oòrùn ti yọ, ìrun ti kọjá lórí rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ti ní orúkọ fún irú èyí tipẹ́tipẹ́, ròyíròyí ni wọ́n ń pè é. Àwọn alfa tó jinlẹ̀ sì mọ̀ pé iyèméjì kì í ba ìdánilójú jẹ́. Wọn a ní kí onítọ̀hún máa kírun rẹ̀ lọ, kó má bojú wẹ̀yìn. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí OCD, àìsàn tí èrò kan kì í fi ọkàn èèyàn sílẹ̀ tí yóò sì máa tún ohun kan náà ṣe ṣáá, ti gbá mú kò lè dá a ṣe, bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán kò ṣe lè torí pé wọ́n ní kó rìn kó dìde máa rìn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, a mọ ìyá kan tí ọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run máa ń já wọ ọkàn rẹ̀ nígbà tó bá kúnlẹ̀ àdúrà. Ó ti gbààwẹ̀, ó ti ṣe ìṣọ́ òru, wọ́n ti gbé e lọ síbi ìtúsílẹ̀. Bó ṣe ń bá èrò náà jà tó ni èrò náà ń le sí i. Ara yíyún ni àìsàn yìí: bí èèyàn bá ṣe ń họ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yún un.

Akọ̀ròyìn wa gba àyè lọ́wọ́ aláìsàn kan lọ́dún tó kọjá, ó jókòó sí igun yàrá náà. Tẹ́rápísìtì tó wà níbẹ̀, obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí ilẹ̀ símẹ́ńtì, ó sì fi pa aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Ó kù sí ẹ lọ́wọ́, àbúrò mi." Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà níwájú rẹ̀ wo ilẹ̀ náà títí. Ọṣẹ àti Izal ti bó ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ìka méjì kan ilẹ̀.

"Mélòó ni ẹ̀rù náà nínú mẹ́wàá?"

"Mẹ́sàn-án, mà."

Kò sí omi, kò sí ọṣẹ, kò sí ẹni tó sọ fún un pé kò séwu. Wọ́n jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa bí tòmátì ṣe wọ́n. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní mẹ́jọ. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú márùn-dín-láàádọ́ta, ó ní mẹ́ta, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Iṣẹ́ náà nìyẹn. Victor Meyer, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan ní London, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ọ̀nà ìtọ́jú yìí ní 1966, kò sì tíì sí ohun tó borí rẹ̀ nínú fífi ọ̀rọ̀ àti ìṣe wo OCD, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú oògùn bíi fluoxetine àti sertraline. Wọn kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó tán. Ó máa ń gba ìjókòó 12 sí 20, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, aláìsàn á sì tún máa fi dánra wò nílé. Tẹ́rápísìtì á bá obìnrin ẹlẹ́lò ọbẹ̀ dé ìdí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gan-an, yóò dúró tì í bó ṣe ń tilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, yóò sì bá a rìn lọ.

Ẹ wá sọ fún wa, ẹ̀yin aláṣẹ: ta ni yóò máa ti Abẹ́òkúta wá ṣe ìyẹn? Ta ni nínú àwọn èèyàn wọ̀nyí ló ní owó ọkọ̀ tí yóò máa fi lọ Aro lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, tí yóò pa ọjà tì, tí yóò máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀? Ẹni tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé inú danfo gan-an ni àyà rẹ̀ ti máa ń já, tí ooru máa ń bò ó, tí yóò rò pé òun ń kú lọ. Inú ọkọ̀ ni ẹ ní kó wọ̀ lọ gba ìtọ́jú.

Bẹ́ẹ̀ ìrú ẹni yìí ló pọ̀ jù. Nínú ìwádìí ńlá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìpínlẹ̀ 21 ní Nàìjíríà, tí wọ́n gbé jáde ní 2006, àìsàn àníyàn àti ìpayà ló wọ́pọ̀ jù lọ nínú gbogbo àìsàn ọkàn tí wọ́n bá pàdé. Ìwádìí kan náà fi hàn pé nínú àwọn tí àìsàn ọkàn mú le gan-an pàápàá, àwọn tó rí ìtọ́jú kankan láàárín ọdún kan kò ju nǹkan bí 8 nínú 100 lọ. A mọ ibi tí àwọn yòókù ń gbà lọ. Wọ́n á dé ilé ìwòsàn, wọ́n á ní ó dà bíi pé èèrà ń rìn nínú orí àwọn, ooru ń jáde ní àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn, oorun ò kun àwọn. Wọ́n á bá wọn wo ibà àti táífọ́ọ̀dù. Tí kò bá lọ, wọ́n á tún un wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra diazepam, oògùn tó ń múni sùn, ní ẹyọ ẹyọ, títí tí kò fi ní í ṣeé fi sílẹ̀ mọ́. Àwọn tẹ́rápísìtì yẹn ń já èèyàn gbà kúrò lójú ọ̀nà yìí.

Ẹni tó bá sì ń fi Aro lé aláìsàn kúrò níwájú ilé rẹ̀ kò mọ ìtàn Aro. Ní 1954, nígbà tí ilé ìwòsàn náà ò tíì parí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo kò tìlẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí Aro ká, pẹ̀lú ẹbí tó bá wọn wá, kí wọ́n máa jẹun, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Gbogbo ayé wá wò ó. Lambo di igbákejì olùdarí àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Àárín èèyàn ni Aro ti gbórúkọ, àwọn tiwa wá ń dárúkọ Aro láti fi lé èèyàn jìnnà sí ilé.

Òfin náà kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní oṣù Kìíní 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó gbapò òfin wèrè tí ìjọba amúnisìn ti fi lélẹ̀ láti 1916. Òfin tuntun náà ní kí ìtọ́jú wà ládùúgbò, ó sì dá àpò owó sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu alága jáde, inú òfin tí wọ́n ti sọ nù yẹn ló ṣì wà.

Wọ́n ní kò sí àyè. A lọ wò ó. Lóòótọ́ ni ibẹ̀ há. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ń dúró nínú oòrùn. Bó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n fún ní yàrá náà, ọ̀rọ̀ wa ì bá yàtọ̀. Olùdámọ̀ràn pàtàkì ni wọ́n fún. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ amúlétutù síbẹ̀. Àga méjì tí àwọn aláìsàn ń jókòó lé wà níta, òjò ọjọ́ Àìkú sì ti pa á.

Wọ́n ní kò sówó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 ni Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ wa dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Àwọn alága ló jó jù lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ìlera alábọ́dé ni àwọn yóò kọ́kọ́ fi owó náà ṣe. A gbọ́ ọ, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Owó oṣù tẹ́rápísìtì méjì ni ò wá sí mọ́?

Ní Harare, lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, bẹ́ńṣì igi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2006, lábẹ́ igi nínú ọgbà ilé ìwòsàn, pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà 14 tí Dókítà Dixon Chibanda kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tẹnu ẹni tí àròjù ń dà láàmú. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì náà yá ju ti àwọn tí kò débẹ̀ lọ. Kò sí amúlétutù níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin kánsílọ̀, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i, ẹ̀yin náà lẹ lè fagi lé e. Ẹ kó olùdámọ̀ràn náà lọ sí sẹkitéríàtì, níbi tí yàrá mẹ́ta ti wà lófìfo tí gbogbo ìlú mọ̀. Ẹ kọ iṣẹ́ àwọn tẹ́rápísìtì méjèèjì sínú ìwé ìṣúná, kó má jẹ́ ohun tí alága tó bá dé lè fi orí mímì kan lé lọ. Kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé yòókù níṣẹ́ náà, nítorí àwọn méjì ò tó, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń gba ìwé ìrìnnà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sanwó fún irú iṣẹ́ yìí láti 2008. Wọn ò ní bi í pé wèrè wo ló wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ ìtọ́jú. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ bó yẹn ti jókòó gba ìtọ́jú náà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá báyìí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló máa ń dé, ó máa ń dé ṣáájú gbogbo wọn. Ẹ ti ṣílẹ̀kùn kó tó débẹ̀.