Ìdọ̀bálẹ̀ fún Táńkì Epo

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ní ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi páwà báíkì, àwọn alùpùpù ńlá tí a ṣe fún eré sísá, kọ́ bí a ṣe ń gun alùpùpù, ariwo sàlẹ́ńsà ti ń jí wa ní Lágere kí ojúmọ́ náà tó rójú mọ́. Ariwo kọ́ ni ó ń dùn mí. Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tí ó dúró sójú kan, tí ó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo títí gbogbo adìyẹ àdúgbò fi sá tán, kò tíì mọ bí a ṣe ń rọra tú kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ohun tí ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà, sílẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì kò fi ní kú.

Nígbà tí èmi ń kọ́ maṣíìnì, ẹ̀gbọ́n kan tí ó ní Honda kékeré ni a máa ń bẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti ń ṣe láti 1958, tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rárá, tí kò sì wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì méjì. A ó gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lórí pápá ilé ìwé, a ó gbọn yẹ̀pẹ̀ nù, ẹni tí ó ṣubú náà ni yóò sì dá gbé e nílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ènìyàn yóò tó máa tu owó jọ fún CG125, èyí tí Honda kọ́kọ́ gbé jáde ní 1976. Àwọn ará Jàpáànù mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì CG yìí kí ó lè fara da ọwọ́ àwọn tí kì í rántí pààrọ̀ ọ́ìlì ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Ìyẹn ni pé wọ́n ti dárí jì wá kí a tó ṣẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí n kò ní dárúkọ nítorí pé ìyá rẹ̀ máa ń ka ohun tí mo bá kọ, wá bá mi pé òun fẹ́ gba ìmọ̀ràn lórí alùpùpù àkọ́kọ́ tí òun yóò rà. Mo bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀ nígbà tí ó jókòó lé èyí tí ó ní lọ́kàn. Ó ní, “Bàbá, aláwọ̀ búlúù ni.” Mo bi í pé báwo ni ó ṣe wúwo tó. Ó ní bí wọ́n bá ta á níná ní Mayfair, ará Sábó yóò gbọ́. Mo bi í pé níbo ni yóò ti máa rí táyà rẹ̀ rà, ó sì mú fóònù jáde, ó fi àwòrán hàn mí. Ìgbà náà ni ó yé mi pé kì í ṣe alùpùpù ni ọmọ náà fẹ́ rà bí kò ṣe fọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ yóò wà nínú rẹ̀, fọ́tò kì í sì í wúwo.

Yamaha R1 tókunbọ̀ ni ó rà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 998 cc (cc ni wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó), ó wúwo tó nǹkan bí 200 kílò, agbára rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti igba ẹṣin, nígbà tí Boxer 100 tí àwọn ọlọ́kadà wa ń gùn kò ní agbára ẹṣin mẹ́wàá. Igba ẹṣin, lábẹ́ ọmọ tí kò gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí! Ní Jàpáànù tí wọ́n ti ń ṣe é, ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ ni ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó gun ohunkóhun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ju 400 cc lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé àṣẹ onípele A kan náà ni ó wà fún gbogbo alùpùpù, láti èyí tí a fi ń gbé ẹmu wọ̀lú dé èyí tí a fi ń gbé ìgbéraga káàkiri.

Ìjókòó rẹ̀ ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àwọn tí ó ṣe irú alùpùpù yìí ro ti pápá ìdíje mọ́ ọn, wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, wọ́n fi ibi ìgbẹ́sẹ̀lé sí ẹ̀yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó gùn ún fi ní láti da àyà dé táńkì epo kí afẹ́fẹ́ lè gba orí rẹ̀ kọjá. Ọmọ tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí láti ìgbà tí ó ti wọ yunifásítì, tí ó jẹ́ pé orí lásán ni ó fi ń kí ìyá àgbà láàárọ̀, ni ó wá ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún táńkì epo láti Lágere dé Ẹnuwá. Bí ó bá ń kọjá níwájú ààfin Ọọ̀ni, àlejò yóò rò pé ọmọ tí a kọ́ tí ó gbà ni. Bẹ́ẹ̀ kò sì lè kí ẹnikẹ́ni. Lórí Honda àtijọ́, ṣánṣán ni a ń jókòó. A lè ju ọwọ́ sí ìyá alákàrà, a lè dúró bi àna wa bóyá ara le. Alùpùpù tí ènìyàn kò lè ti orí rẹ̀ kí ni ní ìlú Yorùbá, ta ni a fẹ́ gùn ún lọ bá?

Ẹ tún wò ó: jíà mẹ́fà ni ó ní. Jíà kìíní nìkan lè gbé e kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, òfin sì ní kí ọkọ̀ má ṣe kọjá 50 láàárín ìlú. Ó ra mẹ́fà, ẹyọ kan ni ó ń lò, kò sì tíì lo ẹyọ náà dé ìdajì. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú un, fáànù ẹ́ńjìnnì yóò máa fẹ́ ooru sí i lára, itan rẹ̀ yóò sì máa yan bíi bọ̀ọ̀lì. Ó ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ ni òun yóò ti lo jíà tí ó kù. Ṣé ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni, tí òkú orí rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú Wọlé Ṣóyínká dìde sí ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó nígbà tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988 tí wọ́n sì fi í ṣe alága àkọ́kọ́? Àbí ọ̀nà Iléṣà, tí ènìyàn kò ní í tíì dé Òsú kí ewúrẹ́ mẹ́ta tó dábùú rẹ̀?

Ó ra akoto o, olówó ńlá, ṣùgbọ́n apá ni ó máa ń fi kọ́, nítorí bí ó bá dé e, ta ni yóò mọ̀ pé òun ni? Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Sálúbàtà ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìṣubú tí ó ṣubú kò tilẹ̀ ní iyì. Kò sáré, kò yí kọ́nà. Ńṣe ni ó dúró. Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ òsì kalẹ̀ níwájú ilé oúnjẹ kan ní Lágere, ìjókòó náà ga tó 85 sẹ̀ǹtímítà, ọmọ wa kò ga, ihò kékeré kan sì wà níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ fojú sùn. Igba ẹṣin náà rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí àgbà tí ó yó. Ọlọ́kadà mẹ́rin ni ó bá a gbé e. Ọ̀kan nínú wọn, tí Boxer rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já ìyá kan, ọmọ méjì àti àpò gààrí sílẹ̀, wò ó yí ká, ó sì béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ̀gbọ́n, èèyàn mélòó ló ń gbé?”

Ọmọ wa ní ẹnì kan ṣoṣo ni.

Ọkùnrin náà tún wò ó. Ó ní, “Ẹ kú ìnáwó.”

N kò tíì sọ pé àwìn ni ó rà á, lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Láyé àwọn baba wa, aṣọ ni òṣómàáló ń tà láwìn, tí yóò sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi gbowó. Èyí tí ó tà fún ọmọ wa kì í lóṣòó, orí báíkì náà gan-an ni ó máa ń jókòó lé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ilẹ̀ dáadáa.

Báíkì náà kò jáde mọ́ láti oṣù kẹta. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti jò, fọkanáísà wa sì wò ó títí, ó ní òun kò rí irú èyí tí ó fẹ̀ tó báyìí lẹ́sẹ̀ alùpùpù rí, kí wọ́n wá a lọ sí Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sá aṣọ lé e lórí. Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá ni ọmọ náà tún wá bá mi pé òun ti rí ibi tí àṣìṣe wà: R1 yẹn ló kéré sí òun lára, Hayabusa, páwà báíkì Suzuki tí ó jẹ́ 1340 cc, ni ó yẹ kí òun ti kọ́kọ́ rà. Ọ̀kadà ni ó gùn wá, ó sì ní kí n jọ̀wọ́ bá òun sanwó fún un, pé ó ń dúró níta.