Rọ́bà Ìtọ̀ Kì Í Dúró De Ìpàdé

Àwọn nọ́ọ̀sì tó yanṣẹ́ lódì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 2025, Mínísítà ètò ìlera nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sì fi yé gbogbo ènìyàn pé ìjọba àti ẹgbẹ́ wọn ti gbọ́ ara wọn yé. A dúpẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n ń bèèrè. Ìwé ètò iṣẹ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí fún wọn láti ọdún 2016 kò yẹ kó di ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ yanṣẹ́ lódì ní ọdún 2025. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí tọ̀tún-tòsì bá àwọn oníròyìn sọ, a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ àwọn àgbàlagbà tó wà nílé pẹ̀lú rọ́bà ìtọ̀ lára, ìyẹn rọ́bà tóóró tí wọ́n ń tì bọ àpòòtọ̀ kí ìtọ̀ lè máa ṣàn jáde sínú báàgì. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyanṣẹ́lódì náà gbà. Rọ́bà tó bá dí kì í fún arúgbó ní ọjọ́ mẹ́rin. Wákàtí díẹ̀ ni.

Ohun tí a ti ń sọ lójú ewé yìí náà la tún fẹ́ sọ: pípààrọ̀ rọ́bà ìtọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọsibítù ńlá nìkan mọ́. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìlera alábọ́dé ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lè ṣe é, kó sì lè gbé irinṣẹ́ rẹ̀ lọ bá arúgbó tí kò lè dìde. Nítorí pé èyí kò sí, nígbà tí ọsibítù bá ti ilẹ̀kùn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta òògùn ní kẹ́mísì ni àwọn ọmọ ń sáré lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n ń pè ní Foley, nọ́ńbà 14 tàbí 16 fún ọkùnrin, ní fèrè kékeré kan (bálúùnù) lẹ́bàá orí rẹ̀. Omi bíi mílílítà 10 ni wọ́n ń fi sìríǹjì tì sínú fèrè náà kí rọ́bà má baà yọ́ jáde nínú àpòòtọ̀. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin gùn, pírósítéètì, ẹṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ àpòòtọ̀ ọkùnrin, tó ti wú sì dábùú rẹ̀. Rọ́bà á kọ́ síbẹ̀, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á rò pé ó ti débi tó ń lọ, á fẹ́ fèrè náà sójú ọ̀nà. Ẹran á ya, ẹ̀jẹ̀ á dà. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá tilẹ̀ dá, àpá tó fi sílẹ̀ á fún ojú ọ̀nà náà pa lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìtọ̀ á tún há. Ohun tí nọ́ọ̀sì mọ̀ tí ọmọ kẹ́mísì kò mọ̀ kò ju èyí lọ: a máa ń ti rọ́bà náà wọlé dé oríta tó ti pín sí méjì nísàlẹ̀, a sì máa ń rí ìtọ̀ kó ṣàn, ká tó fẹ́ fèrè. Bí arúgbó bá kígbe nígbà tí omi ń wọlé, ká dúró, ká fa omi náà padà. Omi tí wọ́n ti sè pa kòkòrò fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni ká lò. Kì í ṣe omi inú ọ̀rá, kì í sì í ṣe omi iyọ̀, nítorí iyọ̀ lè dì sínú ihò tóóró náà, kí fèrè má sì ṣe é tú mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́. Bí fèrè bá kọ̀ tí kò tú, àwọn kan a máa gé rọ́bà náà pẹ̀lú àlùmọ́gàjí. Rọ́bà tí wọ́n gé lè sá wọnú lọ, á wá di iṣẹ́ abẹ.

Ìyẹn ni ti ẹni tí wọ́n bá fi ọwọ́ àìmọ̀ fi í sí. Ti ẹni tí kò rí ẹni pààrọ̀ rẹ̀ kò fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà látéẹ̀sì tó wọ́pọ̀ ní ọjà wa kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 28 lára. Èyí tó jẹ́ sílíkóònù pátápátá lè lò tó ọ̀sẹ̀ 12. Nínú ìtọ̀ ẹni tí rọ́bà ti pẹ́ lára rẹ̀, kòkòrò kan wà, Proteus mirabilis, tó máa ń yí ìtọ̀ padà tí èròjà inú rẹ̀ á fi dì mọ́ ojú rọ́bà bí ẹfun. Ó ń dí díẹ̀díẹ̀. Ìtọ̀ á kọ́kọ́ máa yọ gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà, aṣọ ibùsùn á máa tutù. Báàgì á gbẹ, ìsàlẹ̀ ikùn á le. Arúgbó tí kò lè ṣàlàyé ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri lóru, á máa sọ ìsọkúsọ, àwọn ará ilé á ní baba ń ṣarán. Baba kò ṣarán. Ìtọ̀ ló há a.

Kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá rọ́bà ló lọ́ tàbí baba ló sùn lé e, bóyá báàgì wà nísàlẹ̀ ju ikùn lọ, bóyá ó ti tó ọjọ́ mélòó tí kò ti yàgbẹ́, nítorí ìgbẹ́ tó dì máa ń ti rọ́bà pa. Lẹ́yìn èyí, nọ́ọ̀sì á fi sìríǹjì ńlá ti mílílítà 50 omi iyọ̀ aláìlẹ́gbin wọlé jẹ́jẹ́. Bí omi náà kò bá padà jáde, kò sí ohun mìíràn ju pé kó pààrọ̀ rọ́bà lọ. Ká fi rọ́bà tó tóbi jù sí i nítorí pé ìtọ̀ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ ni ìtọ́jú. Àpòòtọ̀ tó ń sún kì lójijì ló sábà máa ń ti ìtọ̀ náà jáde, títóbi rọ́bà sì ń dá kún un.

Òògùn náà ńkọ́? Nígbà tí rọ́bà bá fi máa lo oṣù kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ẹni tí wọn kò ní bá kòkòrò nínú ìtọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò tó bá ní kòkòrò wà níbẹ̀ kò tíì sọ pé arúgbó ń ṣàìsàn. Àfi bí ibà, òtútù, ìrora ní ìhà tàbí nísàlẹ̀ ikùn bá bá a rìn. Nígbà náà, bí rọ́bà bá ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n gba ìtọ̀ láti ara tuntun fún àyẹ̀wò. Kí wọ́n má gbà á láti inú báàgì. Ciprofloxacin, òògùn apakòkòrò tí wọ́n ń rà ní méjì-méjì nítorí pé ìtọ̀ ń rùn, ńṣe ló ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí òògùn, kí èyí tó yẹ kó ran arúgbó lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kó àrùn má ṣiṣẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Báàgì ìyá arúgbó tí kò yàgbẹ́ dáadáa lè yí padà di elésè àlùkò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n á sì wá ìyàwó ilé tí wọ́n á di ẹ̀bi rù. Kòkòrò inú ìtọ̀ ló ń sọ èròjà kan tó ti inú ìfun wá di aró, aró gidi, irú èyí tó wà nínú ewé ẹ̀lú. Kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà àti báàgì, kí wọ́n tọ́jú ìgbẹ́ tó dì náà, kí ìyá máa mu omi. Ọ̀rọ̀ parí.

Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n kọ́ dáadáa ló mọ gbogbo èyí, ó sì lè fi ìdajì wákàtí kọ́ ọmọ aláìsàn ní tirẹ̀: kó fi pílásítà lẹ rọ́bà mọ́ itan kó má baà ya ojú okó, kó fi ọṣẹ àti omi lásán fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ láìlo Dettol, kó tú báàgì kó tó kún, kó má sì gbé e lélẹ̀. Ní Ìlú Ọba, nọ́ọ̀sì ìjọba ló ń lọ bá àgbàlagbà nílé láti ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ wa. Nígbà tí ìjọba rí i pé wọ́n ń lọ, ohun tí àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe ní oṣù kejì ọdún 2024 ni pé wọ́n gbé òfin jáde pé ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kò ní rí ìwé ẹ̀rí gbà láti lọ. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Kí ló dé tí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ra sìríǹjì?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé kò sí owó. Òfin ìlera ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé. Òfin adójútòfò ìlera ọdún 2022 dá owó sílẹ̀ fún àwọn aláìlágbára, àwọn àgbàlagbà sì wà lára wọn. A ti ka òfin títí ó ti sú wa. Ìbọ̀wọ́, rọ́bà, báàgì, sìríǹjì méjì, òróró tó ń pa ojú ara kú díẹ̀ àti omi mílílítà 10 ni ohun tí a ń bèèrè.

A sì ń bèèrè ohun kan sí i lọ́wọ́ àwọn ọsibítù fúnra wọn. Kò yẹ kí arúgbó kúrò lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú rọ́bà láìmọ ọjọ́ tí wọ́n á yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ìtọ̀ há lójijì ló lè tọ̀ fúnra wọn bí wọ́n bá lo tamsulosin, òògùn tó ń dẹ ojú ọ̀nà ìtọ̀, fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n tó dán an wò láìsí rọ́bà. Ẹni tí kò bá ṣeé ṣe fún, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, kí ọjọ́ rẹ̀ hàn nínú káàdì. Àwọn kan ń gbé rọ́bà yìí kiri títí ọdún fi ń gorí ọdún nítorí pé kò sí ẹni tó rántí wọn.

Láàrin oṣù mẹ́ta sí àkókò yìí, kí kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá gbé orúkọ àwọn ilé ìlera alábọ́dé tó lè pààrọ̀ rọ́bà ìtọ̀ jáde, wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀. Kí àdéhùn tó bá tún wáyé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì dárúkọ ẹni tí yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí bí gbogbo ilẹ̀kùn yòókù bá tì. Kọmíṣọ́nnà tó bá kọ̀ láti gbé orúkọ àwọn ilé ìlera tirẹ̀ jáde, a ó tẹ orúkọ ìpínlẹ̀ rẹ̀ síbí.