Ẹni tó ń rì sómi kì í pariwo

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje, fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lójú èèyàn tó lé ní ogún níbi ọjọ́ìbí kan ní Gwarinpa. Mo wà níbẹ̀. Abọ́ ìrẹsì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń wo ọmọ náà nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Ó dúró ṣánṣán, ó gbé orí sẹ́yìn bí ẹni tó ń wo ojú ọ̀run, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo rò pé eré ló ń ṣe. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ti bẹ́ sómi kí n tó gbé ṣíbí kan ẹnu. Nígbà tó gbé ọmọ náà jáde, ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ṣáá ni pé, "Àmọ́ kò pariwo! Kò tiẹ̀ pariwo!"

Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀. Fíìmù ló kọ́ wa pé ẹni tó ń rì á máa ju ọwọ́ sókè, á máa ké "Ẹ gbà mí o!" Irọ́ ni.

Francesco Pia, tó ṣe lifeguard, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Orchard Beach ní New York, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ayé. Ẹnu ẹni tó ń rì á wọ inú omi, á yọ, á tún wọ̀. Ìwọ̀nba ìgbà tó fi yọ kò tó mí dáadáa, ibo ni yóò ti rí èémí tí yóò fi kígbe? Kò lè juwọ́ pàápàá. Láìrò ó tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì máa ń nà sí, tí á máa fi tẹ omi kí ẹnu rẹ̀ lè yọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 60, ó ti lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó ṣì lè kígbe nílò ìrànlọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ṣì lè di okùn mú.

Ìdí nìyí tí àwọn lifeguard etíkun kì í fi dúró de ariwo. Ojú wọn kì í kúrò lórí omi, púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn ló sì ti parí kí ẹnikẹ́ni tó rì. Wọ́n á ri àsíá pupa òun yẹ́lò síbi tí wọ́n ń ṣọ́, wọ́n á fọn fèrè sí ẹni tó bá ń sún mọ́ ibi tí omi ti ń wọ́ padà sínú òkun. Kí àwa tí a ń ti Abuja lọ ṣọdún l'Ékòó mọ èyí dájú: omi yẹn kì í fani lọ sísàlẹ̀, àárín òkun ló ń gbéni lọ. Ẹni tó bá kọjú sí èbúté tó ń bá a jà ló ń rẹ̀. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ títí ẹ ó fi bọ́ nínú rẹ̀, kí ẹ tó padà.

Tí wọ́n bá sì máa wọlé lọ gbani, ohun tó ń léfòó ni wọ́n ń mú dání, wọ́n á fi sáàárín àwọn àti ẹni náà, torí ẹni tó ń rì á gun olùgbàlà rẹ̀ lórí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bẹ́ sómi torí ìfẹ́ ló ti bá a lọ. Ní adágún omi Jabi tàbí Usuma l'Abuja níbí, ẹ ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ dé dáadáa, ẹ na igi gígùn, ẹ ké sí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Bí wọ́n bá gbé e jáde tí kò mí, ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde. Ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà ẹ máa tẹ àyà rẹ̀.

Ọmọ tó ń ṣeré nínú omi máa ń pariwo. Bó bá dákẹ́, ẹ pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ má pè é lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó dìde.