Àsíìdì kì í kó sókàwéè

Kiatéka kan ní Muṣin tún sọ ọ́ lójú mi lọ́sẹ̀ yìí: “Ẹ lọ ra àsíìdì lọ́dọ̀ àwọn oníbátìrì, ẹ dà á sí sókàwéè, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ á jóná. Ẹ ò nílò ọkọ̀ tó ń kó ìgbẹ́ kankan.” Ìyá onílé ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Iṣẹ́ púlọ́mbà ni mò ń ṣe, èmi ni wọ́n sì ń pè nígbà tí àsíìdì bá ti ba ibẹ̀ jẹ́ tán.

Iyanrìn, ẹrẹ̀ dúdú tó ti silẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ọ̀rá tó dì lójú omi, lọ́rà àti páàdì tí àwọn èèyàn ń jù sí ilé ìgbẹ́: àwọn ló ń kún sókàwéè. Àsíìdì kì í tú iyanrìn, kì í tú lọ́rà. Kẹ́ẹ̀gì kan tí ẹ dà sínú ihò tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lítà, omi ibẹ̀ á là á, agbára rẹ̀ á sì lọ. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi nílùú Èkó yìí, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà rárá. Tó bá di oṣù kẹfà sí oṣù keje tí òjò ń rọ̀ gidi, omi ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ wọ inú sókàwéè. Kò sí àsíìdì tó lè gbẹ ìyẹn.

Ohun tí àsíìdì ń jẹ ní tòótọ́ ni ògiri sókàwéè yín. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe síméńtì, àsíìdì kì í sì í fi ohun tó ní ẹfun nínú sílẹ̀. Mo ṣí ti ilé kan ní Sùúrùlérè tí wọ́n ti ń da àsíìdì sí tipẹ́. Mo fi etí ṣọ́bìrì kan ògiri inú rẹ̀, ó ń já bọ́ bí ẹ̀kọ tútù. Irin inú kóńkéré ti yọ síta, ó ti dípẹtà. Ẹrẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó jóná ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ibi tí ògiri bẹ́ẹ̀ bá sì ti là, omi ìgbẹ́ á máa jò lọ síbi kànga ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ tún ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìgbẹ́ tó ń sọ ọ́ di omi àti gáàsì. Tí wọ́n bá kú, ẹrẹ̀ á tètè kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọ́n á ní àwọn rí i tí omi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ti ní kí gbogbo ilé má lo ilé ìgbẹ́ láti àárọ̀, kí ni kò ní jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀? Mo gbà pé àsíìdì lè tú irun tàbí bébà tó dí páìpù nígbà mìíràn, àmọ́ páìpù tó dí kọ́ la ń sọ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni Hypo. Ẹ ti fi Hypo fọ ilé ìgbẹ́ láàárọ̀, ẹ tún wá da àsíìdì lé e. Gáàsì kiloríìnì ló ń jáde níbẹ̀, òun náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ní Belgium, lọ́dún 1915. Àsíìdì wà nínú Harpic tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má pò ó mọ́ Hypo. Àsíìdì tún máa ń lé gáàsì olóòórùn ẹyin bíbàjẹ́ jáde látinú ẹrẹ̀ sókàwéè. Tí ìyẹn bá pọ̀, imú kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́, ó sì ń pa èèyàn.

Ẹ dá owó jọ, ẹ pe ọkọ̀ tó ń kó o. Ẹni tó bá sì ti da àsíìdì sí tirẹ̀, kó sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n tó ṣí ìdérí. Wọn ò lè fojú rí gáàsì olóòórùn ẹyin yẹn, àwọn ló sì máa kọ́kọ́ fà á símú.